Ẹbọ Ẹnu ní Ọjọ́ Àṣekágbá

Ìdààmú bá Akínlàjà, olórí àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Àgọ́-Ìrókò, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n borí tí wọ́n sì wọ àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Ìpínlẹ̀. Ìlú ń jó, òun káwọ́ lérí. Ìdààmú kan náà bá Ọ̀jẹ́tọ́lá, igbákejì rẹ̀, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò hàn lójú, nítorí ẹni tí í máa gbé ọ̀rọ̀ mì ni. Ohun tí ó ba àwọn méjèèjì lẹ́rù kò ju ẹyọ kan lọ: ẹgbẹ́ Odò-Ẹrẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ bá pàdé, ẹni tí ó sì ń kọ́ àwọn ará Odò-Ẹrẹ̀ ní bọ́ọ̀lù ni Fádèyí.

Ta ni Fádèyí? Ẹni tí ó ti bá wọn jókòó lórí àga kan náà fún ọdún mẹ́sàn-án ni. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba ẹgbẹ́ Àgọ́-Ìrókò nígbà tí kò ní ju bọ́ọ̀lù méjì lọ, tí ewúrẹ́ sì ń jẹko lórí pápá rẹ̀. Fádèyí ló dá àṣà tí a fi mọ ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Wọn kì í fi èdè bọ́ọ̀lù pàṣẹ láti ẹ̀bá pápá. Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n fi ń pàṣẹ, kí àlejò má baà mọ ohun tí wọ́n ń wí. Bí Akínlàjà bá ké pé "Ẹ ká ẹní!", gbogbo àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn á sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn iwájú ọ̀tá lè bọ́ sí ọ́fúsáìdì. Bí ó bá ké pé "Òjò ń ṣú!", gbogbo ẹgbẹ́ á sá padà wá ṣọ́ ilé. Fádèyí ló ń ro ọ̀rọ̀ náà, Ọ̀jẹ́tọ́lá ló ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù títí yóò fi mọ́ wọn lára, Akínlàjà ló sì ń ké e. Ohùn Akínlàjà kì í ṣe ohùn kékeré: bí ó bá ké ní pápá, ẹni tí ń ta epo ní òdìkejì títì á yíjú.

Báwo ni Fádèyí ṣe wá kúrò láàárín wọn? Ibẹ̀ gan-an ni egbò wà. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí ìdíje kan kù díẹ̀ kó di ti pẹnáríti, Akínlàjà yọ aṣọ́lé tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ẹni tí ó fi rọ́pò kò mú ẹyọ kan. Inú ìlú ru, ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ pè wọ́n. Akínlàjà ní Fádèyí ló gba òun nímọ̀ràn. Fádèyí búra pé irọ́ ni. Ìgbìmọ̀ wá kọjú sí Ọ̀jẹ́tọ́lá, wọ́n ní, "Ìwọ ni o jókòó sáàárín wọn. Ta ló ní kí wọ́n yọ ọmọ náà?" Ọ̀jẹ́tọ́lá wolẹ̀. Ó ní, "N kò gbọ́ dáadáa. Ariwo pọ̀ jù."

Ó gbọ́. Ó gbọ́ ketekete nígbà tí Fádèyí wí pé, "Akínlàjà, má yọ ọ́ o." Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Akínlàjà bà á, iṣẹ́ náà sì ni oúnjẹ ẹnu rẹ̀. Wọ́n lé Fádèyí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìtìjú, àwọn géńdé sì kọrin èébú tẹ̀lé e dé ibùdókọ̀.

Nísinsìnyí ẹni tí wọ́n lé ti di ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù. Gbogbo ọ̀rọ̀ ilé wọn ló mọ̀, òun ló kúkú bí wọn. Wọ́n gbìyànjú láti pààrọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti wà lára èèyàn fún ọdún méjìlá kì í kúrò ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nígbà tí Akínlàjà ké ọ̀rọ̀ tuntun níbi ìgbaradì, àwọn kan sá síwájú, àwọn kan sá sẹ́yìn, méjì forí gbárí, a sì ní láti gbé ọ̀kan lọ rán ètè. Nígbà náà ni Akínlàjà sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára òun, ẹ jẹ́ kí àwọn lọ béèrè.

Ìyá Ẹfúndùnkẹ́ ni wọ́n lọ bá, arúgbó tí ń fi owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ríran ní ẹ̀yìn ilé ìlagi àtijọ́. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní owó ẹyọ kan pé kí ó sọ ohun tí ń dùn ún sí i. Akínlàjà ní òun ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ń lagi dáwọ́ dúró láti gbọ́. Nígbà tí ó kan Ọ̀jẹ́tọ́lá, ètè rẹ̀ mì, kò sí ohùn kankan. Ìyá wo àwọn méjèèjì, ó mi orí, ó da owó ẹyọ sórí atẹ. Mẹ́fà lanu sókè, mẹ́wàá dojú bolẹ̀.

"Ọ̀bàrà nìyí," ni Ìyá wí. "Ẹnu mẹ́fà ń sọ̀rọ̀, ẹnu mẹ́wàá ti padé." Ó sì kì í báyìí pé:

"Ọ̀rọ̀ kún ẹnu, kò jẹ́ kí etí gbọ́;
Ọ̀rọ̀ kú sínú, kò jẹ́ kí oorun dùn;
A dá a fún ẹni méjì tí ń lọ pàdé ẹnì kẹta wọn,
Lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rù sùn, tí wọ́n ń fi àyà jíjá jí.
Wọ́n ní kí wọ́n rúbọ, kí ojú má baà tì wọ́n láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn."

Akínlàjà béèrè ohun ẹbọ. Ìyá ka ẹyẹlé méjì, obì olójú mẹ́rin, oyin àti iyọ̀. Akínlàjà mí kanlẹ̀, ó ní ìyẹn kò nira. Ìyá ní kí ó farabalẹ̀, ẹbọ kò tíì tán.

"Èyí tí mo kà yẹn, ọjà ni ẹ ó ti rà á. Èyí tí ó kù, ara yín ni ẹ ó ti mú un. Ìwọ Akínlàjà, ohùn rẹ ni wọ́n ń béèrè. Láti ìgbà tí rẹfirí bá ti fun fèrè títí ìdíje yóò fi parí, o kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan jáde létí pápá. Ìwọ Ọ̀jẹ́tọ́lá, ìdákẹ́jẹ́ rẹ ni wọ́n ń béèrè. Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wà níkùn rẹ. Gbé e lọ fún ẹni tó ni ín kí ọjọ́ tó pé, kí o sì sọ ọ́ létí àwọn tí wọ́n bi ọ́ nígbà náà tí o kò dáhùn."

Ọ̀jẹ́tọ́lá tẹ orí ba. Kò rò pé ẹnì kan láyé mọ̀.

Akínlàjà bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ forí jì mí. Kóòṣì tí kò gbọdọ̀ lanu, kí ló fi yàtọ̀ sí òpó góòlù?"

"Òpó góòlù náà a máa gba ilé là nígbà mìíràn," ni Ìyá wí.

"Ẹyẹlé ni n óò rú, Ìyá. Ẹnu mi ni iṣẹ́ mi."

"Mo ti jíṣẹ́ tí wọ́n rán mi," ni Ìyá wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó owó ẹyọ rẹ̀ jọ.

Wọ́n rú ti ọjà lọ́jọ́ náà. Nígbà tí wọ́n ń padà, Akínlàjà dúró lójijì lójú ọ̀nà. Ó béèrè ohun tí ó wà níkùn Ọ̀jẹ́tọ́lá. Ọ̀jẹ́tọ́lá kò fèsì, Akínlàjà sì mọ̀, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ pa. "Àbúrò, gbọ́ mi," ni ó wí. "Bí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ ilẹ̀ Odò-Ẹrẹ̀ kí Sátidé tó pé, ọ̀dàlẹ̀ ni n óò pè ọ́ lójú gbogbo ìlú. Má sì padà sọ́dọ̀ mi mọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ ìtàn yìí, ẹ má tètè dá Ọ̀jẹ́tọ́lá lẹ́bi pé ó fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko rò ó. Kí igbákejì kóòṣì gbéra lọ sí àgọ́ ọ̀tá nígbà tí àṣekágbá ku ọjọ́ méjì, bí wọ́n bá lù ú pa, wọn kò ní rí ẹni bá wọn wí. Bí ó bá lọ, iṣẹ́ lè bọ́. Bí kò bá lọ, ó mọ̀ pé òun yóò wo ojú Fádèyí lọ́jọ́ Sátidé, òun kò sì ní lè wò ó. Ìtìjú yìí ló wúwo jù. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ó wọkọ̀ lọ sí Odò-Ẹrẹ̀.

Ó bá Fádèyí níbi tí ó ti ń fi páńpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bọ́ọ̀lù lábẹ́ igi òro kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ń sáré yípo pápá. Fádèyí ti hewú. Ọ̀jẹ́tọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku.

"Dìde," ni Fádèyí wí. "Àwọn ọmọ ń wò wá."

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbi tí mo wà, ẹ̀gbọ́n. Mo gbọ́ yín lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ nígbà tí ẹ ní kí wọ́n má yọ ọmọ náà. Mo purọ́ fún ìgbìmọ̀ pé n kò gbọ́, nítorí iṣẹ́ mi."

Fádèyí fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bọ́ọ̀lù náà títí ó fi le, ó gbé e sílẹ̀, ó mú òmíràn. Ó ní, "Ìyá mi a máa bi mí pé, ṣé lóòótọ́ ni mo ba ìdíje náà jẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti lọ kí wọn. Mo ní, Màmá, kì í ṣe èmi. Wọ́n á ní, kí ló dé tí ẹni tó jókòó sáàárín yín kò gbè ọ́? N kò rí èsì fún wọn. Wọ́n kú lésìí." Ó nu ojú rẹ̀ nù. "O pẹ́, Ọ̀jẹ́tọ́lá."

Ọ̀jẹ́tọ́lá sunkún níbẹ̀ níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ. Òwò tí ó fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe kò mú èrè kankan wá fún un, òkú ìyá oníyàá ló bá pàdé níbẹ̀.

Fádèyí na ọwọ́ sí i, ó fà á dìde. "O pẹ́, ṣùgbọ́n o dé. Bí o bá sì rò pé tìtorí èyí ni n óò fi ife sílẹ̀ fún yín, o ṣì mí mọ̀. Nínà ni n óò nà yín."

"Kì í ṣe ife ni mo bá wá, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé Akínlàjà ṣì ń ké 'Ẹ ká ẹní'?" Ọ̀jẹ́tọ́lá pa ẹnu mọ́. Fádèyí rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Má dá mi lóhùn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì Ọ̀jẹ́tọ́lá lọ bá Alága ẹgbẹ́, ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alága ní Ọjọ́ Ajé ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó lé e lórí, yóò sì kan Akínlàjà, yóò kan òun Ọ̀jẹ́tọ́lá náà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Akínlàjà ti gbọ́. Alága kò jẹ́ kí ó lé e ṣáájú ìdíje, nítorí náà ó fi í sí ìpẹ̀kun àga, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò omi, ó sì kẹ̀yìn sí i.

Ọjọ́ Sátidé pé. Pápá kún dé ẹnu ọgbà. Rẹfirí fun fèrè, kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí Akínlàjà fi dìde, ohùn rẹ̀ sì gba gbogbo pápá. Bí ó ti ń ké ni àwọn ọmọ Àgọ́-Ìrókò ń ṣe é, wọ́n ń ṣe é dáadáa, kò sì ṣe wọ́n ní àǹfààní kan. Fádèyí kò lanu. Ó jókòó ní tirẹ̀, ó ń tẹ́tí. Ní ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, Akínlàjà ké pé, "Ẹ ká ẹní!" Àwọn ẹ̀yìn sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Fádèyí gbé ìka kan sókè. Ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ kan tí ó ti fara pamọ́ sáàárín gbùngbùn sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí wọ́n ti ń sún bọ̀, bọ́ọ̀lù bá a lọ́hùn-ún, ó sì fi í sílé wẹ́rẹ́. Òdo sí ẹyọ kan.

Akínlàjà kò kọ́gbọ́n. Ó tún ké, "Òjò ń ṣú!" Gbogbo ọmọ rẹ̀ sá padà sílé, àwọn Odò-Ẹrẹ̀ sì ní àyè púpọ̀ níwájú wọn láti fara balẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n gbá ọ̀kan láti ọ̀nà jíjìn, ó lu òpó góòlù, ó padà. Ọ̀jẹ́tọ́lá di àpò omi mú, ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹfúndùnkẹ́ sọ sí i lọ́kàn, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á nínú ìbànújẹ́.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí Akínlàjà rí i pé ohùn òun kò ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́, ó kọ ojú ohùn náà sí rẹfirí. Ó ní wọ́n ti ra rẹfirí. Wọ́n fi káàdì yẹ́lò kìlọ̀ fún un. Ó ní rẹfirí kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Rẹfirí yọ káàdì pupa, ọlọ́pàá méjì sì mú un jáde gba ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn irin mọ́ ọn sẹ́yìn. Fóònù rẹ̀ wà nínú àpò lórí àga.

Nígbà tí ìdajì àkọ́kọ́ parí, àwọn agbábọ́ọ̀lù jókòó yí Ọ̀jẹ́tọ́lá ká bí ọmọ tí kò ní bàbá mọ́. Wọn kò gbọ́ kí ó sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ léra wọn rí. Lọ́jọ́ náà ó sọ̀rọ̀.

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, ọkùnrin ọ̀hún náà mọ̀ ọ́n," ni ó wí. "Nítorí náà, n kò ní sọ ọ̀kankan fún yín. Bí ẹ bá padà wọlé, ẹ kò ní gbọ́ ohùn láti ọ̀dọ̀ wa títí yóò fi parí. Ẹ má wo ẹ̀bá pápá. Ẹ wo ara yín. Ohun tí ojú rẹ bá rí, sọ ọ́ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nígbà tí ẹ bá ń du ẹran mọ́ ara yín lọ́wọ́ nídìí oúnjẹ."

Ṣówándé, balógun wọn, tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, béèrè pé, "Kóòṣì, bí a bá ṣìnà ńkọ́?"

"A ó jọ ṣì í ni. N kò ní sọ pé n kò gbọ́."

Wọ́n padà wọlé. Ọ̀jẹ́tọ́lá jókòó, ó pa ẹnu mọ́, ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn sì yàtọ̀ sí ti ìgbìmọ̀, nítorí kò fi nǹkan kan pamọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn ọmọ Odò-Ẹrẹ̀ tẹ́tí, wọn kò gbọ́ nǹkan. Ohun tí Fádèyí fi odindi ọ̀sẹ̀ kọ́ wọn ni pé kí wọ́n dúró de ohùn Akínlàjà kí wọ́n tó gbéra. Wàyí o, ohùn kò wá, wọ́n sì ń dúró. Wọ́n ń bojú wẹ̀yìn wo kóòṣì wọn. Fádèyí dìde, ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún, ó rí Ọ̀jẹ́tọ́lá lórí àga pẹ̀lú ẹnu pípadé, ó sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo fún àwọn tirẹ̀ pé kí wọ́n má dúró mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Láàárín pápá, ohùn mọ́kànlá ni ó ń dún. Àwọn ọmọ Àgọ́-Ìrókò ń bú ara wọn, wọ́n ń bẹ ara wọn, wọ́n ń pe ara wọn ní orúkọ ìnagijẹ. Ní ìṣẹ́jú kejìlélọ́gọ́ta, wọ́n gbé kọ́nà wọlé, Bámgbàlà tó wà níwájú fi orí kàn án, ó wọlé. Ìdíje di ọ̀mì, ariwo sọ. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Ṣówándé gba bọ́ọ̀lù lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó rí i pé kò sí ẹni tí ń bọ̀ wá dí òun. Ní ọdún méjìlá, kò sí ọ̀rọ̀ ilé kankan tí ó fún ẹni ẹ̀yìn láṣẹ láti lọ síwájú. Ó gbé e lọ. Ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá ẹnì kejì, ó ti í sí Bámgbàlà, Bámgbàlà sì fi ẹsẹ̀ òsì rán an wọ igun ilé. Ọ̀jẹ́tọ́lá fi fìlà di ẹnu ara rẹ̀ títí rẹfirí fi fun fèrè ìkẹyìn.

Fádèyí ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó dùn ún, kò sì fi bò. Ó ní, "Ohun tí mo kọ́ yín ni mo fi ń nà yín. Èyí tí ẹ fi nà mí yìí, n kò kọ́ yín." Ó dì mọ́ ọn lójú gbogbo èèyàn, àwọn ará Àgọ́-Ìrókò tí wọ́n kọrin èébú nígbà kan sì dákẹ́ lórí ìjókòó wọn.

Ọ̀jẹ́tọ́lá jáde lọ wá Akínlàjà. Ó bá a ní ẹ̀yìn ògiri, ó fẹ̀yìn ti bọ́ọ̀sì wọn, ohùn rẹ̀ ti há.

"Ariwo méjì ni mo gbọ́," ni Akínlàjà wí. "Ta ló ni wọ́n?"

"Tiwa ni, ẹ̀gbọ́n. Méjèèjì."

Akínlàjà di ojú rẹ̀. "Ta ló pàṣẹ fún wọn?"

"Kò sí ẹni tó pàṣẹ."

Ìgbìmọ̀ jókòó ní Ọjọ́ Ajé. Wọ́n wẹ Fádèyí mọ́ níwájú ìlú, wọ́n kọ lẹ́tà, Ọ̀jẹ́tọ́lá fúnra rẹ̀ ló sì gbé e lọ, ó bá a dé ojú oórì ìyá rẹ̀, wọ́n kà á sókè níbẹ̀. Wọ́n bá Ọ̀jẹ́tọ́lá wí, wọ́n sì fi í jẹ olórí kóòṣì. Wọ́n ní kí Akínlàjà máa lọ sinmi.

Bí ọ̀rọ̀ wọn ti rí nìyẹn lẹ́nu àwa tí ń ka owó ẹyọ. Ẹni tí a ní kó rúbọ, tí ó mú èyí tí ó dùn ún jù lára rẹ̀ tí ó fi rú u, ẹbọ rẹ̀ fín, ẹbọ rẹ̀ dà, ó rí ọ̀rẹ́, ó rí oyè. Ẹni tí ó mú ti ọjà rú, tí ó fi ti ara rẹ̀ ṣẹ̀sín, àbámọ̀ ló gbẹ̀yìn rẹ̀. Akínlàjà ti fọwọ́ kan ife náà, wọ́n ti bá a ya fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí ó bá pàdé ẹni tí ó wà ní pápá lọ́jọ́ náà, yóò dá a dúró, yóò rẹ ohùn sílẹ̀, yóò ní, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni góòlù kejì yẹn ṣe wọlé?